Ẹnikẹ́ni Ló Lè Wo Ìwé Náà

Ọ̀rọ̀ tó lé Agnes jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bínú, kò sẹ́ni tó pariwo. Àwọn ará Oǹdó márùn-ún ló wá kí i nílé rẹ̀ ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n wá fojú kan ìyá ìyàwó kí wọ́n tó dá ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́. Wọ́n jẹ iyán, wọ́n mu omi, wọ́n yin Monílọ́lá ọmọ rẹ̀ títí ojú fi ń ti ọmọ náà. Bọ́láwálé, ọkọ ìyàwó, kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìgbà tí wọ́n ń múra àtilọ ni Bímbọ́lá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, obìnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún tẹ̀wé fún lọ́yà nílùú Oǹdó, nu ẹnu, tó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Monílọ́lá, ẹ má bínú sí wa o, ó ku ìwádìí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Láyé àwọn ìyá wa, wọ́n á rán àgbàlagbà kan lọ sí àdúgbò ìyàwó, á máa bi wọ́n léèrè lọ́gbọọgbọ́n: ṣé wọn kì í jalè nílé yẹn, ṣé wọn kì í ya wèrè. Ṣùgbọ́n aládùúgbò ayé ìsinsìnyí ti mọ irọ́ pa jù. Èmi, kóòtù ni mo máa ń lọ. Màá kọ lẹ́tà, màá dárúkọ ẹni tí mo ń wá, wọ́n á bá mi wo ìwé. Ẹni tó bá ti jẹ́jọ́ ọ̀daràn rí, ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ wà."

"Wọ́n á jẹ́ kí ẹ wò ó bẹ́ẹ̀?" Agnes ló béèrè.

"Ìta gbangba ni wọ́n ti dájọ́, kí ló tún kù tó jẹ́ àṣírí níbẹ̀? Ẹnikẹ́ni ló lè wo ìwé náà. Orúkọ ilé bàbá ẹ̀yin náà ńkọ́?" Ó ti yọ fóònù jáde.

Kí Agnes tó rí irọ́ mú, Monílọ́lá ti dáhùn. Ọmọ náà rò pé òun ń ran ìyá òun lọ́wọ́ ni. "Fẹ̀yìntọlá ni wọ́n sọ Mọ́mì. Mo rí i nínú Bíbélì wọn àtijọ́. Fẹ̀yìntọlá Akíntìmẹ́yìn."

Bímbọ́lá tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Ló bá yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Oǹdó bára wọn sọ ọ́ pé ṣebí obìnrin yìí ní ará Ilú-Àbọ̀ lẹ́bàá Àkúrẹ́ lòun, báwo ló ṣe wá ń jẹ́ orúkọ ilé tiwọn? Agnes ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò gbédè. Bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tí kò gbọ́ níbẹ̀. Èdè tó fi sunkún nígbà tí wọ́n bí i ni.

Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ Àìkú, ó jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọrin tí kò mọ ohun tó ń kọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Bímbọ́lá dá pé àwọn á padà wá. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, gbogbo ohun tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n bò mọ́lẹ̀ á hù jáde, ẹnu àna ni ọmọ rẹ̀ á sì ti gbọ́ ọ pé olè ni ìyá òun.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Fẹ̀yìntọlá nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ obìnrin kan l'Óǹdó. Ẹ̀gbà ọrùn góòlù ọ̀gá rẹ̀ sọnù. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà, òun ló kéré jù, òun ni kò sì ní bàbá. Ta ni wọn ì bá tún mú? Ó sun àgọ́ ọlọ́pàá ọjọ́ méjì, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n ka ẹ̀sùn olè sí i létí. Ó ní òun kò jẹ̀bi. Dúrótoyè, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ nílé ìwé ìjọ, fi ara rẹ̀ ṣe onídùúró kí wọ́n tó jẹ́ kó máa ti ilé wá jẹ́jọ́. Ó ku ọjọ́ kan kí wọ́n padà sí kóòtù ni ọmọ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá sọ fún un pé ọ̀gá ti lóun á rí i pé ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún méje. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Fẹ̀yìntọlá kò dúró gbọ́ ti adájọ́. Ó wọ mọ́tò Àkúrẹ́. Kò sọ fún ìyá rẹ̀.

Ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún onídùúró tí ẹni tó dúró fún bá sá lọ. Nítorí náà, ẹ̀rù méjì ló gbé wọ Àkúrẹ́: olè tí kò jà, àti ẹ̀gbọ́n ìyá tó rò pé òun tì sẹ́wọ̀n. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tó fi gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lórí rédíò, nínú ìkéde àwọn tó sọnù: "Fẹ̀yìntọlá, níbikíbi tí o bá wà, máa bọ̀ nílé, gbogbo rẹ̀ ti tán." Ó ní ọgbọ́n àwọn ọlọ́pàá ni. Lọ́jọ́ náà gan-an ló kẹ́rù lọ sí Ilú-Àbọ̀, ó di Agnes, ó fẹ́ àgbẹ̀ kan tí kì í béèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tí ọkọ kú, ó gbé maṣíìnì rẹ̀ padà sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, níbi tó ti ń ránṣọ títí dòní.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kí ló dé tí kò bi ẹnì kan léèrè láti ọjọ́ yìí wá. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ẹ gbọ́ èyí ná. Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, oníbàárà kan gbé aṣọ dúdú wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní kó bá òun rán an kíákíá, òun ń lọ sìnkú ìyá arúgbó kan l'Óǹdó, Ìyá Dọ́káàsì. Agnes wọn obìnrin náà láyà, ó wọ̀n ọ́n níbàdí, ó gé aṣọ, ó rán an. Ìyá tó bí i lọ́mọ ni wọ́n ń lọ sin. Ó bá oníbàárà náà lọ̀ ọ́ dáadáa, ó ká a, ó sì fi lé e lọ́wọ́. Ó wá tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́rí, ó fi ìyókù aṣọ dúdú náà dí ẹnu ara rẹ̀ kí aládùúgbò má bàa gbọ́ ẹkún.

Irú ẹ̀rù tí mo ń sọ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sọ fún Monílọ́lá pé òun ń lọ ra òwú. Ó ki owó sínú àpò ìwé kan. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kó dé kóòtù Oǹdó ṣáájú Bímbọ́lá, kó bẹ ẹni tó ń tọ́jú ìwé, kí ìwé náà di àwátì. Nígbà tí mọ́tò gun afárá Ọ̀wẹ́nà, ó di ojú. Nígbà tí wọ́n wọ Oǹdó, ó fa ìborùn bo iwájú orí, torí gbogbo ìyá àgbà tó jókòó síwájú ilé ló dà bí ẹni tó fẹ́ pè é lórúkọ. Kò sẹ́ni tó pè é. Ìyẹn náà dùn ún.

Ọlọ́pàá kan dúró ní géètì kóòtù. Agnes dúró sí òdìkejì títì, kò wọlé. Lábẹ́ agbòòrùn ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ọ̀dọ́bìnrin kan jókòó ti kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ń ju ọwọ́ sí i.

"Mọ́mì, ẹ káàbọ̀, ẹ wá síbí. Precious ni mí. Ṣé lẹ́tà ni, àbí ìwé ìbúra?"

"Mo... mo fẹ́ wo ìwé ẹjọ́ kan. Ẹjọ́ àtijọ́."

"Lẹ́tà nìyẹn. Ẹ máa kọ ọ́ sí rẹ́jísírà, ọ̀gá àwọn akọ̀wé kóòtù, ẹ sanwó ìwádìí nínú lọ́hùn-ún, ẹ gba risíìtì, wọ́n á bá yín wá a. Bí ẹ bá fẹ́ mú ẹ̀dà lọ, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i. Orúkọ ẹni tó jẹ́jọ́?"

Agnes wẹ̀yìn wò. "Fẹ̀yìntọlá Akíntìmẹ́yìn." Ó sọ ọ́ sẹ́nu bí ẹni ń gbàdúrà.

"Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, Mọ́mì, jẹnẹrétọ̀ yìí ò jẹ́ n gbọ́."

Ó tún un sọ. Ọlọ́pàá géètì yíjú síbẹ̀.

"Ọdún wo? Ẹ̀sùn wo?"

"1991. Olè."

"Orúkọ tiyín?"

"Agnes Ọmọ́táyọ̀."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Wọ́n á béèrè o."

"Mo kàn fẹ́ rí i ni."

"Màá fi sí i pé fún ìlò ara yín." Precious tẹ̀ ẹ́ tán, ó fa ìwé yọ, ó sì ti ń pe ẹlòmíràn.

Ọ̀gbẹ́ni Kìtán ni wọ́n ń pe ẹni tó wà lọ́fíìsì ìwé ẹjọ́, bàbá onígíláàsì kan tó fi bíírò há etí, tó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì. Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. "1991. Èyí ò sí nínú kọ̀ǹpútà o. Yàrá ẹ̀yìn ni màá wọ̀ lọ."

Agnes fara sún mọ́ tábìlì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìwé tó ti pẹ́ tó báyìí, ṣé kò lè ti sọnù?"

"Ó lè ti sọnù."

"Bí ẹ bá wá rí i ńkọ́? Ṣé kò... ṣé kò tún lè sọnù?" Ó ti àpò ìwé náà sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Kìtán kò fọwọ́ kan án. Ó bọ́ gíláàsì, ó wo obìnrin náà dáadáa. "Màdáámù, ṣé kí n wá a lẹ fẹ́ ni, àbí kí n sọ ọ́ nù? Ọ̀tọ̀ niṣẹ́ méjèèjì, ìjọba ò sì gbà mí sí ìkejì. Ẹ mú nǹkan yín. Ìwé tí mo bá sọ nù fún yín lónìí, ẹlòmíràn á kọ lẹ́tà lé e lọ́la, èmi ni màá wá ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀." Ó mú lẹ́tà náà, ó dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ẹ jókòó síbẹ̀. Ẹ má lọ o."

Ẹ má lọ o! Kí ló fẹ́ fi òun ṣe? Agnes ti fi ẹnu ara rẹ̀ mú ara rẹ̀. Ta ló ń wá ìwé olè ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tó tún fẹ́ fowó bo ojú akọ̀wé, bí kì í bá ṣe olè náà fúnra rẹ̀? Aago ara ògiri ń ka ìṣẹ́jú. Ó ka ogún, ó ka ọgbọ̀n. Kìtán kò jáde. Ilẹ̀kùn iwájú ló ṣí, ọlọ́pàá géètì ló wọlé. Ó fa ìjókòó sún mọ́ ọn.

"Màdáámù, ẹ̀yin lẹ ń wá Fẹ̀yìntọlá?"

Agnes fa àpò owó náà mọ́ àyà.

"Mo gbọ́ tí ẹ dárúkọ yẹn níta. Orúkọ ìyá ìyá mi ni, wọn kì í sọ ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́." Ọlọ́pàá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki wáyà fóònù rẹ̀ bọ iná lára ògiri, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo bọ́ọ̀lù.

Agnes dìde. Ó rọra rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó di ilẹ̀kùn mú. Géètì nìyẹn lọ́ọ̀ọ́kán. Mọ́tò Àkúrẹ́ kò jìnnà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà àtisá, ó ti ṣe é rí. Ṣùgbọ́n bó bá sá, Bímbọ́lá á wá, á jókòó sórí àga yẹn, á ka ìwé yẹn tẹ̀rín-tẹ̀rín, á sì gbé e lọ bá Monílọ́lá. Ó sàn kó jẹ́ òun lòun máa sọ ọ́, bí wọ́n bá tilẹ̀ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí òun lọ́wọ́. Ó padà wá jókòó.

Kìtán jáde pẹ̀lú eruku léjìká. Fáìlì pẹlẹbẹ kan ló mú dání, àti ìwé ńlá gígùn kan tó ti gbó lẹ́yìn. "Mo rí i. Ṣé ẹ lè ka Gẹ̀ẹ́sì ìkọ̀wé adájọ́?"

Agnes mi orí pé rárá.

"Màá máa túmọ̀ rẹ̀." Ó fi ìka tẹ̀lé ìlà. "Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, 1991. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò wá. Onídùúró rẹ̀, Dúrótoyè, wà níbí, ó ní òun kò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí."

Agnes di etí tábìlì mú. Ibi tó ń bẹ̀rù rèé.

"Télọ̀ tó fẹjọ́ sùn bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun rí ẹ̀gbà ọrùn náà lánàá, ó já bọ́ sínú dúróà maṣíìnì òun. Ó ní ọmọ náà kò mú un. Ó ní ojú ń ti òun. Ilé ẹjọ́ ní, a fagi lé ẹjọ́ yìí. Ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ti bọ́. Onídùúró ti bọ́, kó máa lọ sílé rẹ̀." Kìtán pa fáìlì dé. "Ó tán."

"Ó tán?"

"Ó tán."

"Ọjọ́ wo lẹ ní wọ́n kọ ọ́?"

"Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá."

Ọjọ́ tó sá lọ. Bí adájọ́ ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ó wà ní gáréèjì Àkúrẹ́, ó jókòó sẹ́yìn obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì, ó forí pamọ́, ebi ń pa á. Wọ́n ti dá a sílẹ̀ kó máa lọ sílé rẹ̀, kò gbọ́. Wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò, ó gbọ́, ó tún sá.

"Ta ló wá lè rí ìwé yìí?" ó bi í. Èdè Oǹdó ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì yà á lẹ́nu.

Kìtán náà dá a lóhùn ní Oǹdó. "Ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ọ́. Ẹ̀yin náà."

Ó ṣí ìwé gígùn náà, ó ní ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀, àwọn tó bá gba ẹ̀dà lọ máa ń fọwọ́ sí i níbẹ̀, òun fẹ́ fi tirẹ̀ sí abẹ́ àwọn tó ti ṣáájú. "Ẹlòmíràn ti gba èyí rí o. Ẹ wò ó. Ní 1991. Ní 1998. Ní 2009. Ẹnì kan náà ni lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Dọ́káàsì Akíntìmẹ́yìn."

Agnes fìka kan orúkọ ìyá rẹ̀.

"Èmi ni mo fún un lẹ́ẹ̀kẹta. Mo rántí ìyá yẹn. Ó ní èyí tó wà lọ́wọ́ òun ti gbó, òun ti gbé e káàkiri gáréèjì títí omi òjò fi wọ̀ ọ́. Kò mọ̀wé, àtàǹpàkò ló fi tẹ̀ ẹ́." Kìtán yí ìwé náà sí i. Àmì ìka mẹ́ta ló wà níbẹ̀, aláwọ̀ elésèé àlùkò. Méjì àkọ́kọ́ hàn kedere. Ẹ̀kẹta wọ́, bí ọwọ́ tó ń gbọ̀n ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tí wọ́n ti ń kọ ohun tí èèyàn fẹ́ fi ìwé ṣe, akọ̀wé ti kọ ọ̀rọ̀ kan náà.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Ó fẹ́ fi han ọmọ rẹ̀."

Agnes gbé orí lé tábìlì ìjọba, ó sunkún. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fi nǹkan kan dí ẹnu. Ọlọ́pàá fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó dìde, kò mọ ohun tó máa ṣe, ló bá lọ pọn omi wá fún un.

Nígbà tó mu omi tán, Kìtán rọra tún mú bíírò. "Agnes Ọmọ́táyọ̀," ó ń kọ ọ́. "Lẹ́tà ní fún ìlò ara ẹni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n kọ ọ́?"

"Rárá. Ẹ fa igi sí i." Ó nu ojú. "Ẹ kọ Fẹ̀yìntọlá. Èmi ni. Ẹ kọ ọ́ pé mo fẹ́ fi han ọmọ mi."

Kìtán wò ó, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó na bíírò sí i kó fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ Fẹ̀yìntọlá ń gbọ̀n, kò lè di bíírò náà mú. Bàbá náà bá fa páádì yíǹkì sún mọ́ ọn, obìnrin náà sì tẹ ìka tirẹ̀ sábẹ́ ti ìyá rẹ̀.